Ohùn Laptop Yín Ò Ròkè? Ẹ Wo Dírẹ́bà Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Sípíkà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ọ̀rọ̀ òní kan ẹ̀yin tí ẹ ra laptop tókúnbọ̀, tí ẹ gbé e délé, tí ẹ fa fólúùmù dé 100, síbẹ̀ tí fáànù bá ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá, ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù mọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà lọ tààrà, pé kí wọ́n bá àwọn pààrọ̀ sípíkà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì náwó yẹn. Sípíkà lè wà ní pípé, kó jẹ́ dírẹ́bà, ìyẹn ètò tó ń darí ohùn nínú kọ̀ǹpútà, ni kò bá ẹ̀rọ yín mu.

Orin tàbí fíìmù tó wà nínú laptop, nọ́ńbà lásán ni. Ṣíìpù kékeré kan ló ń sọ nọ́ńbà náà di iná tó ń mi sípíkà. Nínú ọ̀pọ̀ laptop, Realtek, ilé iṣẹ́ kan ní Taiwan, ló ṣe ṣíìpù yìí. Dírẹ́bà sì ni ètò tí Windows fi ń darí rẹ̀. Sípíkà laptop kéré, ó tún tẹ́ẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn bíi Dell, HP àti Lenovo fi máa ń fi ìṣètò tó ń gbé ohùn sókè sínú dírẹ́bà tiwọn, tí wọ́n á ṣe é ní ìwọ̀n ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́.

Ní Computer Village n'Íkẹjà àti níbòmíì tí wọ́n ti ń ta tókúnbọ̀, wọ́n sábà máa ń pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́, wọ́n á fi Windows tuntun sí i kí wọ́n tó gbé e síta. Bí Windows ò bá rí dírẹ́bà tó jẹ́ ti ẹ̀rọ náà, dírẹ́bà gbogboògbò Microsoft ló máa lò. Ńṣe nìyẹn dà bí aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ lọ́jà: ó bo ara lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wọn ara yín kó tó rán an. Ohùn á jáde, àmọ́ ìṣètò tó ń gbé e sókè ò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti X pọ̀, ẹ yan Device Manager, kí ẹ sì ṣí "Sound, video and game controllers". Bó bá jẹ́ "High Definition Audio Device" lẹ rí, tí kò sí Realtek tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe ṣíìpù ohùn, dírẹ́bà gbogboògbò náà nìyẹn. Bí ẹ bá rí "Intel Display Audio", ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ohùn tó ń gba wáyà lọ sí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn wà fún.

Ẹ wá lọ sí ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe laptop yín gan-an. Ẹ tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ síbẹ̀. Dell ń pè é ní Service Tag, àwọn yòókù ń pè é ní Serial Number. Ẹ wa dírẹ́bà tó wà lábẹ́ Audio, ẹ fi sí i, kí ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ tún un tàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún àwọn ètò tó ń ṣèlérí pé àwọn á bá yín wá gbogbo dírẹ́bà ní ìtẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n lè fún yín ní èyí tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ yín, àwọn míì sì ń kó fáírọ́ọ̀sì wọlé. Ọ̀fẹ́ ni dírẹ́bà lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ. Dátà nìkan lẹ máa ná.

Àwọn míì wà tí ohùn ẹ̀rọ wọn dára tẹ́lẹ̀, tó wá lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí Windows ṣe update. Ní Device Manager kan náà, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún ara máòsì tẹ orúkọ dírẹ́bà náà, ẹ yan Properties, ẹ lọ sí Driver, ẹ tẹ "Roll Back Driver", yóò dá ti àtijọ́ padà. Bí kò bá ṣeé tẹ̀, ti àtijọ́ ò sí nípamọ́ nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú "Uninstall device", ẹ tún ẹ̀rọ tàn, kí ẹ wá fi ti ilé iṣẹ́ sí i.

Ohun kan wà tí kò kan dírẹ́bà, ṣùgbọ́n tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ mmsys.cpl, kí ẹ tẹ Enter. Ní Communications, wọ́n ti ṣètò Windows pé bí ìpè bá wọlé, kó dín ohùn yòókù kù ní 80 nínú 100. Ẹ yí i sí "Do nothing".

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ohùn ò yí padà, ẹ̀yin tí ẹ ń lo Dell lè pa ẹ̀rọ, kí ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F12, kí ẹ yan Diagnostics. Yóò mú ohùn jáde kí Windows tó jí rárá, dírẹ́bà Windows ò sì lọ́wọ́ sí i. Bí ohùn sípíkà bá ha níbẹ̀, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan ò fọhùn, ẹ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, kí ẹ sì sọ fún un pé Windows ò tíì wọlé tí ẹ fi gbọ́ ọ.