Àṣìṣe inú Fíìmù Akọni: Èyí Tó Hàn Sójú àti Èyí Tó Ń Bá Wa Lọ Sílé

Ẹ̀yin olólùfẹ́ sinimá, ẹ kú ìjókòó o. Oríṣi àṣìṣe méjì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀kan wà láàárín àwòrán kan àti èyí tó tẹ̀ lé e: ife tó gbẹ tó tún kún, ọgbẹ́ tó kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún bọ́ sí òsì. Èkejì wà láàárín fíìmù àti ayé gan-an. Èkíní làwọn èèyàn máa ń pariwo. Èkejì ló ń dùn mí.

Ẹ wo Raiders of the Lost Ark tó jáde ní 1981. Nígbà tí Indiana Jones, akọni fíìmù náà, já sínú kòtò ejò, sèbé kan gbé orí sókè níwájú rẹ̀. Sèbé gidi ni. Kó má baà ṣán Harrison Ford, eléré tó ṣe Jones, wọ́n gbé gíláàsì sáàárín àwọn méjèèjì, òjìji ejò náà sì hàn lára gíláàsì ọ̀hún. Ó pẹ́ táwọn òǹwòran ti ń nawọ́ sí i kí wọ́n tó fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́, nígbà tí fíìmù náà jáde lórí DVD ní 2003. Nínú kòtò kan náà, àwọn “ejò” kan ní ihò etí. Ejò kì í ní ihò etí; aláǹgbá tí kò lẹ́sẹ̀ ni wọ́n kó mọ́ ọn.

Kí ló ń fà á? Wọn kì í ya fíìmù bí ìtàn ṣe tò. Wọ́n lè ya ìparí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n ya ẹnu ọ̀nà lónìí, kí wọ́n ya inú ilé lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ń ṣe kọntinúítì ló ń kọ ọ́ sílẹ̀: ọwọ́ wo ni eléré fi mú ìbọn, bọ́tìnì mélòó ló ṣí. Síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gé fíìmù, nǹkan mìíràn ló ń jọba. Walter Murch, àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà, to ohun mẹ́fà tó yẹ kéèyàn rò kó tó gé àwòrán. Ó fún ìmọ̀lára ní ìdá 51 nínú 100. Ibi tí eléré dúró sí gan-an gba 4 péré. Mo fara mọ́ ọn. Bí ẹkún eléré bá dé ọkàn wa, ife tó ṣípò kò ba nǹkan kan jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rí wọn, ẹ gbé ojú kúrò lójú eléré. Ẹ wo ọwọ́, ẹ wo aago ara ògiri, ẹ wo apá ibi tí òjìji kọ orí sí. Ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ tún un wò.

Èyí tó wúwo wá kù. Ọdún 1936 ni ìtàn Raiders wáyé, àmọ́ Thailand ni wọ́n kọ sórí máàpù rẹ̀. Siam ló ń jẹ́ nígbà náà. 1939 ló tó yí orúkọ padà. Ìyẹn ṣì kéré. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Tanis, ní Íjíbítì, tìbọn tìbọn, bíi pé ilẹ̀ baba wọn ni. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló wà ní Íjíbítì lọ́dún yẹn. Ta ni yóò gbà fún wọn? Nínú fíìmù Indiana Jones tó jáde ní 2008, Jones ní òun kọ́ èdè Quechua lọ́wọ́ àwọn tó bá òun tẹ̀ lé Pancho Villa. Mẹ́síkò ni Villa ti jagun. Àwọn òkè Andes, ní Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ni wọ́n ti ń sọ Quechua. Wọ́n kó odidi ẹ̀yà pọ̀ mọ́ra wọn, bí ẹni pé kò sí ìyàtọ̀.

Èyí tó kàn wá jù ni The Woman King, 2022, fíìmù nípa àwọn jagunjagun obìnrin Dahomey. Dahomey ní 1823 ni, Ọ̀yọ́ sì ni ọ̀tá tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni; àsìkò náà ni Ghezo, ọba Dahomey, bọ́ àjàgà Ọ̀yọ́ lọ́rùn. Ẹṣin Ọ̀yọ́ pàápàá kì í ṣe irọ́. Àmọ́ fíìmù náà fi Ghezo hàn bí ọba tí wọ́n pàrọwà fún títí tó fi kẹ̀yìn sí òwò ẹrú, tó kọjú sí epo pupa. Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú tó ti Brazil wá, wà lára àwọn tó gbé Ghezo gidi gorí oyè ní 1818. Òwò náà sì ń lọ títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi dí etíkun rẹ̀ pa, tó fọwọ́ sí àdéhùn ní 1852. Ọdún kan ṣáájú, ogun Dahomey, tòun ti àwọn jagunjagun obìnrin wọ̀nyí, kọlu Abẹ́òkúta, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Fíìmù náà kò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọba tó fi hàn wá kì í ṣe ẹni tó lè rán irú ogun bẹ́ẹ̀ jáde.