Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Adágún Tí Ọ̀dá Ti Fa Omi Rẹ̀: Lake Mead

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tẹ̀ ń wò mí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Etí Lake Mead ni mo wà yìí, ní ìpínlẹ̀ Nevada, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Téèyàn bá gbéra ní Las Vegas, kò ní tó wákàtí kan tí yóò fi wakọ̀ débí. Dáàmù Hoover ló sé odò Colorado tí ibí fi di adágún.

Kí n tó gbé kámẹ́rà jáde, ẹ wo òkúta tó wà lẹ́yìn mi. Òkè rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun báláú. Ibi tí funfun yẹn ti bẹ̀rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún ni omi ń dé tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí ìlà tó máa ń hàn nínú ìkòkò omi ìyá àgbà bí omi bá ti fà? Irú rẹ̀ nìyí. Èròjà bí ẹfun tó wà nínú omi ló lẹ̀ mọ́ òkúta.

Bí adágún yìí bá kún dẹ́nu, ojú omi rẹ̀ máa ń fi 1,229 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ojú òkun lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ó ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 1,040. Kò fà tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tó ti kọ́kọ́ ń kún ní àwọn ọdún 1930. Ẹni tó bá mọ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, kó fojú inú wò ó: omi tó lọ yẹn ga ju ìdajì ilé náà lọ. Báwo la ó ṣe wá fi ìyẹn han ẹni tó ń wo fọ́tò lórí fóònù?

Lẹ́ǹsì la ó fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ gbogbo wa pé lẹ́ǹsì tó ń kó gbogbo ayé mọ́ra ni ti àwòrán ilẹ̀ àti òkè. Níbí, ẹ gbàgbé ẹ̀. Mo fi irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀, 16mm, yà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wá, ìlà funfun yẹn wá rí tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ. 70-200mm, lẹ́ǹsì tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, ni mo gbé wá lónìí. Mo dúró lókèèrè, mo fa òkúta náà mọ́ra ní 135mm, mo jẹ́ kí funfun gba ìdajì fọ́tò. Ojú ọ̀run ò pọ̀ níbẹ̀, kò sì dùn mí.

Ẹ wá nǹkan téèyàn mọ bó ṣe tóbi tó sínú fọ́tò náà. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ. Bí kò bá sí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ó ga tó ògiri ọgbà tàbí tó ilé alájà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọkọ̀ apẹja kan ṣoṣo ti tó. Ẹ to fọ́tò yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ dúró dè é. Mo ti dúró de ọkọ̀ fún wákàtí méjì rí.

Kámẹ́rà wà lórí tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e dúró; ISO (bó ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó) wà ní 100, ihò lẹ́ǹsì wà ní f/8. Bí òkúta dúdú àti omi bá pọ̀ ju funfun lọ nínú fọ́tò, kámẹ́rà á fẹ́ gba ìmọ́lẹ̀ sí i, funfun yẹn á sì jó kọjá àtúnṣe. Ẹ fi exposure compensation, ibi tá a ti ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, sí -0.7, kẹ́ ẹ wo histogram, àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn: kò gbọdọ̀ fara gbá ògiri ọ̀tún. RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, ni kẹ́ ẹ fi yà á. Ẹ fi white balance, tó ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, sórí oòrùn ọ̀sán, ẹ má fi sí auto.

Ẹ ò rí bí oòrùn ṣe ń yọ báyìí, tí gbogbo nǹkan rí bíi wúrà? Ó rẹwà, àmọ́ mi ò tíì ní tẹ bọ́tìnnì. Ìmọ́lẹ̀ yìí ti pa funfun láró, kò yàtọ̀ sí òkúta mọ́. Ó di bíi wákàtí kan sí i.

Ẹrẹ̀ tó sán, tí gbogbo èèyàn ń yà ńkọ́? Kì í fi bẹ́ẹ̀ wù mí. Ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì náà ń sán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà á ṣá, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀ pẹ́kí, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìlà funfun hàn lẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ra o: òkè rẹ̀ gbẹ, abẹ́ rẹ̀ rọ̀ bí àmàlà. Ó gbé mi dé orúnkún, bàtà mi kan ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ má sì gbé drone wá, National Park Service tó ń bójú tó ibí kò gbà á.

Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ fi fóònù ya ibi tí ẹsẹ̀ tripod wà, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà lẹ́ǹsì (bíi 135mm) sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè padà wá ya irú fọ́tò kan náà. Yìnyín tó bọ́ sórí àwọn òkè nígbà òtútù 2022 sí 2023 mú kí omi gòkè díẹ̀. Ojú ibi tí mo dúró sí ní 2022 ni mo padà sí. Ẹ wo fọ́tò méjèèjì pa pọ̀: òkúta kékeré tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì yẹn ti rì.

Ó dáa, funfun ti padà di funfun. Ọkọ̀ kan sì ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ jẹ́ n dákẹ́ ná.