Ẹyẹ Já Bọ́, Gbèsè Kò Tán: Ẹ̀bi àti Ìdáǹdè Nínú Ewì Òkun Coleridge

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ewì òkun kan la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí: The Rime of the Ancient Mariner, tí Samuel Taylor Coleridge, akéwì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1798 nínú Lyrical Ballads, ìwé tí òun àti akéwì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, William Wordsworth, jọ ṣe. Mi ò ní máa ro ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì kà á, kó dá fídíò yìí dúró, kó lọ kà á sókè ketekete. Kò ní gbà á ní wákàtí kan.

Ó yá. Ibo ni àgbà atukọ̀ yìí ti rí ìdáǹdè? Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ibi tó ti súre fún àwọn ejò omi, tí òkú albatross, ẹyẹ òkun ńlá tó ti pa, já bọ́ lọ́rùn rẹ̀, tó rì sínú òkun bí òjé. Ó dáa. Ìpín wo nìyẹn wà? Ìparí ìpín kẹrin. Ìpín mélòó ni ewì náà ní? Méje! Kí wá ni Coleridge ń wá nínú ìpín mẹ́ta tó kù, bí ọ̀rọ̀ bá ti parí síbẹ̀?

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe pa ẹyẹ náà. Yìnyín ká ọkọ̀ mọ́ ní gúúsù ayé. Ẹyẹ yọ látinú kùrukùru, yìnyín là, afẹ́fẹ́ rere bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Wọ́n ń fún un lóúnjẹ, wọ́n pè é, ó ń jẹ́; ìrọ̀lẹ́ mẹ́sàn-án ló fi bà sórí òpó ọkọ̀. Àlejò ni. Àfi bí atukọ̀ ṣe gbé àkàtàǹpó, tó ta á pa. Kí ló dé? Ewì kò sọ. Ẹ má bá a wá ìdí! Ebi kọ́, ìbẹ̀rù kọ́, ìbínú kọ́.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Wordsworth ló dá a lábàá pé kí pípa albatross jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ atukọ̀, nígbà tí wọ́n jọ ń rìn lórí òkè Quantock ní Somerset, lóṣù kọkànlá ọdún 1797. Inú ìwé ìrìnàjò George Shelvocke, ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan, tó jáde lọ́dún 1726, ló ti rí i. Níbẹ̀, Simon Hatley, igbákejì Shelvocke nínú ọkọ̀, rí albatross dúdú kan tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ wọn, ó kà á sí àmì burúkú, ó sì pa á pé bóyá afẹ́fẹ́ á dára. Ìdí wà níbẹ̀. Coleridge mú ẹyẹ, ó sì yọ ìdí kúrò. Ọgbọ́n ńlá ni! Ẹ̀ṣẹ̀ tó bá ní ìdí, èèyàn á rí àwáwí ṣe sí i. Èyí kò ní àwáwí.

Àwọn tó kù nínú ọkọ̀ ńkọ́? Ọwọ́ wọn ò mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n bú u pé ó pa ẹyẹ tó mú afẹ́fẹ́ wá. Kùrukùru ká kúrò, oòrùn yọ, wọ́n yí ohùn padà: ó ṣeun, ẹyẹ tó ń fa kùrukùru ló pa! Ẹ mọ òwe ẹni tó gbépo lájà àti ẹni tó gbà á sílẹ̀. Igba ọkùnrin ló kú sórí ọkọ̀ yẹn, ohùn tí wọ́n yí padà yìí ló sì kó wọn sínú ẹ̀bi. Àwọn kan náà ló wá gbé òkú ẹyẹ kọ́ atukọ̀ lọ́rùn dípò àgbélébùú. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ nínú àròkọ yín pé albatross dúró fún Jésù, ẹ má parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ewì náà fàyè gba ìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́rùn yìí tún jẹ́ ẹ̀bi tí gbogbo ọkọ̀ jọ jẹ, tí wọ́n dì ru ẹnì kan ṣoṣo.

Wàyí o, òkun. Ẹ ṣí ìpín kejì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti dáwọ́ dúró, tí omi yí wọn ká tí wọn ò rí mu. Kí ni atukọ̀ rí lójú omi? Àwọn ohun yíyọ̀ tó ń rákò. Ohun ìríra. Ẹ wá ṣí ìpín kẹrin. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú, ojú òkú ń wò ó fún ọjọ́ méje. Ó fẹ́ gbàdúrà, ọkàn rẹ̀ gbẹ bí eruku. Ó ń dùn ún pé àwọn ọkùnrin tó rẹwà ti kú tán, pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun yíyọ̀ ṣì wà láàyè, òun náà sì wà. Lẹ́yìn náà, òṣùpá ń gòkè. Ó wo inú omi: àwọ̀ búlúù, àwọ̀ ewé tó ń dán, dúdú bí àrán. Wọ́n rẹwà! Ẹ̀dá inú omi ò yí padà o, ojú tó ń wò wọ́n ló yí padà. Ìfẹ́ sun látinú ọkàn rẹ̀, ó súre fún wọn.

Ẹ dúró níbí. Kò mọ̀! KÒ MỌ̀ PÉ ÒUN Ń SÚRE! Ẹ̀ẹ̀mejì ni Coleridge sọ ọ́ nínú ẹsẹ kan ṣoṣo pé láìmọ̀ ni. Kò pinnu, kò ṣèlérí, kò tọrọ àforíjì. Bó ṣe pa ẹyẹ láìnídìí, bẹ́ẹ̀ ló súre láìmọ̀. Ẹ má kọ ọ́ pé atukọ̀ ronú pìwà dà, Ọlọ́run sì dárí jì í, ọ̀rọ̀ parí. Kò sí níbẹ̀! Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ẹni mímọ́ kan ló ṣàánú òun.

Ẹyẹ já bọ́. Ó sùn, òjò rọ̀, ó mu. Ṣé gbèsè ti tán?

Ìwọ̀fà ni mo máa ń fi ṣàlàyé èyí. Láyé àtijọ́, ẹni tó yáwó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ni. Ì báà ṣe é fún ogún ọdún, owó tí wọ́n yá kò dín kọ́bọ̀. Kì í ṣe ẹrú: ó ń dá oko tirẹ̀, ó ń gbéyàwó. Ṣùgbọ́n bí àárọ̀ iṣẹ́ bá ti tó, dandan ni kó lọ. Bí atukọ̀ yìí ṣe rí nìyẹn láti ìpín karùn-ún lọ. Ó gbọ́ ohùn méjì lójú òfuurufú, ọ̀kan sì ní: ọkùnrin yìí ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, yóò sì tún jẹ sí i. YÓÒ TÚN JẸ SÍ I! Ọkọ̀ dé èbúté ilé, ó rì. Atukọ̀ bẹ bàbá tó ń dá gbé nínú igbó pé kó gbọ́ ìjẹ́wọ́ òun. Bàbá ní, irú èèyàn wo ni ọ́? Lójú ẹsẹ̀ ni ìrora gbé e, àfi ìgbà tó ròyìn tán ló fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìrora yẹn ń padà wá ní wákàtí tí kò mọ̀, àyà rẹ̀ ń jó, ó ń lọ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Bó bá ti rí ojú ẹni tó gbọ́dọ̀ gbọ́, ó ti mọ̀ ọ́n. Ìdí tó fi di àlejò ìgbéyàwó tó ń ròyìn fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ewì mú nìyẹn! Àárọ̀ iṣẹ́ ló tó.

Ti oòrùn àti òṣùpá, kíá ni màá sọ ọ́. Ẹ má kọ ọ́ pé ìyà ni oòrùn, pé àánú ni òṣùpá. Abẹ́ òṣùpá ni igba ọkùnrin yẹn ti ṣubú lulẹ̀ kú ní ìpín kẹta.

Àwọn kan ń rí òwò ẹrú nínú ewì yìí. Ewì kò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Coleridge sọ àsọyé lòdì sí òwò náà lọ́dún 1795 ní Bristol, èbúté tó là látinú rẹ̀, lásìkò tí ọkọ̀ ṣì ń kó èèyàn láti etíkun wa níhìn-ín. Ọkọ̀ kan ṣẹ̀ lókè òkun, gbogbo inú rẹ̀ fọwọ́ sí i nítorí pé ojú ọjọ́ dára: ìdí tí wọ́n fi kà á bẹ́ẹ̀ yé mi dáadáa. Bí ẹ bá lò ó, ẹ sọ pé ìtumọ̀ òǹkàwé ni, ẹ má fi sí Coleridge lẹ́nu.

Ó ku ohun kan, ó sì ń gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé yín. Bí ẹ bá rí àlàyé kéékèèké níbẹ̀, ọdún 1817 ni Coleridge fi wọ́n kún un. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn kì í ṣe atukọ̀. Níbi tí ẹyẹ ti já bọ́, àlàyé náà ní ègún BẸ̀RẸ̀ sí í já. Ní ìpín kẹfà, ó ní ètùtù ègún ti parí. Inú akẹ́kọ̀ọ́ á dùn, á tọ́ka sí i, á pa ìwé dé. Kó ṣí ìpín keje! Atukọ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ níbẹ̀ pé ìrora ń padà wá, àlàyé ẹ̀gbẹ́ gan-an sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀, ẹ fi ọ̀kan bi èkejì léèrè, ẹ ó rí ìpínrọ̀ odindi kan kọ níbẹ̀. Tí ó bá sì jẹ́ ti 1798 lẹ ní lọ́wọ́, ẹ kò ní rí àlàyé ẹ̀gbẹ́ kankan, torí náà ẹ yẹ ọdún wò níwájú ìwé kí ẹ tó tọ́ka sí ohunkóhun.