Ọkùnrin Kẹrin

Asalaamu alaykum o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè bọ́ sọ́rọ̀, inú ń bí mi díẹ̀ lónìí.

Fídíò ìnáwó kan ń jà ràn-ìn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ó ti rí i. Mọ́tò ńláńlá tò lọ bẹẹrẹ níwájú gbọ̀ngàn, wọ́n ń ná owó fún ọkùnrin kan títí bàtà rẹ̀ kò fi hàn mọ́, àwọn ọmọge yí i ká, igo ọtí kún orí tábìlì. Kì í ṣe ọkùnrin yẹn ló bí mi nínú. Ohun tí àwọn èèyàn wa kọ sábẹ́ fídíò náà ni. Ẹni tó ń jẹ́ Abdul-nǹkan kọ ọ́ pé, "Tó bá kàn mí, tèmi ò ní kéré báyìí." Òmíràn ní, "Ọlọ́hun, ṣe tèmi jù báyìí lọ," ó wá to àmín mẹ́ta tẹ̀ lé e. Àmín kẹ̀! Àmín sí igo ọtí?

Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ hádíìsì kan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu Ànábì.

Sàábé tó ń jẹ́ Abu Kabsha al-Anmari ló sọ ọ́, Imam Tirmidhi ló gbà á wá. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, kọ́kọ́ búra lé nǹkan mẹ́ta lórí. Sàráà kì í dín owó kù. Ẹni tí wọ́n ṣe àbòsí sí tó mú sùúrù, iyì ni Ọlọ́hun ó fi kún un. Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn agbe fún ara rẹ̀, ilẹ̀kùn òṣì ni Ọlọ́hun ó ṣí fún un. Lẹ́yìn náà ló ní èèyàn mẹ́rin ló ni ayé yìí.

Ẹni àkọ́kọ́, Ọlọ́hun fún un lówó, Ó sì fún un ní ìmọ̀. Ó ń fi ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ná an, ó ń fi so okùn ẹbí, ó mọ̀ pé Ọlọ́hun ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀. Ipò tirẹ̀ ló ga jù.

Ẹnì kejì ní ìmọ̀, kò lówó. Ẹ bá mi wo bàbá yìí: àpò rẹ̀ ṣófo, ọkàn rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ká ní mo lówó ni, ohun tí lágbájá ń ṣe ni ǹ bá máa ṣe." Kò kọ́ mọ́sáláṣí, kò gbẹ́ kànga, kò bá ọmọ òrukàn kankan san owó ilé-ìwé. Ànábì ní ẹ̀san òun àti ẹni àkọ́kọ́ dọ́gba, nítorí àníyàn rẹ̀.

Ẹnì kẹta lówó, kò nímọ̀. Ó kàn ń táràrà nínú owó ni. Kò bẹ̀rù Ọlọ́hun, kò mọ ẹbí, kò mọ ẹ̀tọ́ tó wà nínú rẹ̀. Ipò tirẹ̀ ló burú jù.

Ẹnì kẹrin kò lówó, kò nímọ̀. Ó wo ẹnì kẹta, ó ní, "Ká ní mo lówó ni, ohun tí lágbájá ń ṣe ni ǹ bá máa ṣe." Ṣé ẹ rí i pé gbólóhùn ẹnì kejì náà ni? Ọ̀rọ̀ kan náà, lágbájá ló yàtọ̀. Ànábì ní ẹ̀ṣẹ̀ òun àti ẹnì kẹta dọ́gba.

Ọkùnrin kẹrin yìí kò dé ibi ìnáwó o. Kò fẹnu kan ọtí. Ó lè jẹ́ gààrí ló mu sùn. Wọ́n sì ti kọ ẹ̀ṣẹ̀ àríyá tí kò lọ sí i lọ́rùn! Olówó yẹn kúkú jẹ ayé díẹ̀. Ìwọ, dátà lo ná.

Kí ẹnikẹ́ni má kú sínú ìbẹ̀rù ṣá. Èrò tó kàn ré kọjá lọ́kàn, Ọlọ́hun ti mójú kúrò níbẹ̀ fún ìjọ Ànábì, bí a kò bá tíì sọ ọ́ jáde tàbí ká ṣe é. Àwọn onímọ̀ hádíìsì méjì, Bukhari àti Muslim, ló gba ìyẹn wá láti ọ̀dọ̀ Abu Huraira. Ẹni tó gbèrò ibi tó jáwọ́ nítorí Ọlọ́hun, iṣẹ́ rere kan odindi ni wọ́n kọ fún un. Èyí tó ń kó báni ni èyí tó ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn, tó dé ẹnu. Ohun tí o sì fi ọwọ́ tẹ̀ sábẹ́ fídíò, o ti sọ ọ́.

Ọlọ́hun kò ní kí nǹkan má wù wá. Ó ka àwọn ohun tó ń wu èèyàn sílẹ̀ nínú Súrà Ali Imran, áyà 14: obìnrin, ọmọkùnrin, òkìtì wúrà àti fàdákà, ẹṣin tí wọ́n sàmì sí, ẹran ọ̀sìn, oko. Ẹṣin alámì ayé ìgbà yẹn ni Lexus ayé ìsinyìí. Ọkùnrin tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, tí iná fóònù ń tàn sí i lójú, tó mọ ìyàtọ̀ Camry Big Daddy sí Muscle, tó mọ tokunbo gidi yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tún kùn, kò tíì ṣẹ̀. (Àmọ́ bí Lèmọ́mù bá wà lórí mínbàrì, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ànábì ní ẹni tó fọwọ́ kan òkúta wẹ́wẹ́ nígbà kùtúbà, ìwàásù Jímọ̀, ti ṣe àṣedànù. Mélòó ni ti ẹni tó ń wo mọ́tò?)

Ọ̀nà tí owó rẹ̀ ń gbà wá ni kí ẹ ṣọ́. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ́sáláṣí bá fẹ́ bá ọ ra mọ́tò, àwọn ni yóò kọ́kọ́ rà á, kó di tiwọn, kó wà níkàáwọ́ wọn. Bó bá bàjẹ́ kí wọ́n tó tà á fún ọ, àwọn ló bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Ìgbà náà ni wọn ó tà á fún ọ ní iye kan tí èrè wọn ti wà nínú rẹ̀, tí wàá máa san díẹ̀díẹ̀. Iye yẹn kò gbọdọ̀ lé sí i bí o bá pẹ́ san. Ibi tó ti ń dàrú nìyí: akápò á ka mílíọ̀nù mẹ́ta sí ọ lọ́wọ́, á ní kí o lọ ra èyí tó wù ọ́, kí o dá mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ padà. Wọn ìbáà pè é ní muràbáhà, orúkọ òwò tó tọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé yẹn, kí wọ́n fi Bismillahi ṣí ìwé rẹ̀, owó èlé ni.

Owó tí o ń kó jọ fún mọ́tò náà ńkọ́? Bó bá ti tó iye gíráàmù 85 wúrà, tó pé ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ rẹ, ìdá kan nínú 40 gbọdọ̀ jáde fún zàká. Nínú mílíọ̀nù 20, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 nìyẹn. "Mọ́tò ni mo fẹ́ fi rà" kì í ṣe àwíjàre. Ìgbà tó bá di mọ́tò tí o ń gùn ni zàká kúrò lórí rẹ̀, bí Ànábì ṣe sọ pé kò sí zàká lórí ẹṣin Mùsùlùmí. Ti oníṣòwò mọ́tò yàtọ̀. Ọjà ni tirẹ̀, yóò yọ ọ́.

Ó ku obìnrin. Ẹ ní ìyàwó kejì lẹ ń wá lórí Instagram. Ànábì sọ fún Ali pé ìwò àkọ́kọ́ jẹ́ tìẹ, ìkejì kì í ṣe tìẹ. Ìka méjì tí o fi ń fẹ àwòrán yẹn lójú, ìwò kẹta tàbí ìkẹrin ni. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó lóòótọ́, ṣírò rẹ̀ kó tó dàlá: wúńdíá gba alẹ́ méje lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó ti lọ́kọ rí gba mẹ́ta, lẹ́yìn náà alẹ́ á máa dọ́gba, oúnjẹ á dọ́gba, owó ilé á dọ́gba. Ẹni tó bá tẹ̀ sí ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan á wọ́ lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Alukiyamo. Wọ́n ti lé ọmọ ìyálé wálé nítorí owó ilé-ìwé táàmù yìí, ìwọ ń ro orúkọ ọmọ tí ìyàwó tuntun máa bí. Ẹ̀yin ọkùnrin! Ànábì ní ó tó èèyàn ní ẹ̀ṣẹ̀ kó pa àwọn tó ń bọ́ tì.

Ìfẹ́ ló ń jẹ́ kí n pariwo, ẹ má bínú. Wákàtí ìkẹyìn lẹ́yìn ìrun Alaasari lọ́jọ́ Jímọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, wákàtí tí àdúà ń gbà ni, hádíìsì Jabir ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí mọ́tò bá ń wù ọ́, gbé ọwọ́ sókè, béèrè rẹ̀. Dárúkọ rẹ̀, dárúkọ àwọ̀ rẹ̀ bó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó dé orí àwọ̀, kọ́kọ́ sọ fún Ọlọ́hun ẹni tí wàá máa fi gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà.