Ta ni yóò bi wòlíì léèrè?

Ẹ kú ìjókòó o. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, ẹ sì mọ̀ mí, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ti pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọ̀rọ̀ Ervil LeBaron, olórí ìjọ olórogún tó pe ara rẹ̀ ní wòlíì tó sì ń rán ọmọlẹ́yìn lọ pànìyàn, kò le rárá: “Ọkùnrin tó ní ìyàwó 13, báwo ni ìjà ò ṣe ní wọlé ẹ̀?” Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá tó bí bàbá mi ní ìyàwó márùn-ún. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí, kò sẹ́ni tó yìnbọn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá. Kì í ṣe iye ìyàwó ló fa ikú yẹn, ẹnu tí ẹnikẹ́ni ò lè dá lẹ́kun ni.

Ìjọ Mọ́mọ́nì gan-an, èyí tí Joseph Smith dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti kéde ní 1890 pé àwọn ò fọwọ́ sí ìkóbìnrinjọ mọ́. Àwọn tí kò gbà ló yapa. Bàbá àwọn LeBaron kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Chihuahua ní Mẹ́síkò ní 1924. Ní 1955, Joel ọmọ rẹ̀ dá ìjọ sílẹ̀, ó ní ọwọ́ òun ni àṣẹ tí Joseph Smith fi sílẹ̀ bọ́ sí. Ervil àbúrò rẹ̀ ni igbákejì.

Ẹ tẹ́tí síbí o. Oyè tiwa, bó ti wù kó bàjẹ́ tó, afọbajẹ wà níbẹ̀, ìlú sì lè kẹ̀yìn sí ọba. Nínú oyè tiwọn, ẹni tó bá ti ní “Ọlọ́run bá mi sọ̀rọ̀”, ó parí. Nígbà tí Joel wá rọ Ervil lóyè, Ervil ò wá àgbà kankan lọ. Òun náà gbóhùn Ọlọ́run! Ó dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan jáde pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tó dá a nìkan ló lè wẹ̀ ẹ́. Ní oṣù kẹjọ 1972, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pa Joel ní Ensenada. Ilé ẹjọ́ Mẹ́síkò dá Ervil lẹ́bi, wọ́n tún yí i padà, ó ń rìn kiri.

Ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1977, ní Murray, Utah: obìnrin méjì tí Ervil rán dé wíìgì, wọ́n wọ ilé ìwòsàn Rulon Allred, olórí ìjọ olórogún mìíràn, wọ́n yìnbọn pa á. Ṣé ẹ mọ ìdí? Wọ́n ń wá Verlan, àbúrò Ervil tó rọ́pò Joel, láti pa. Wọ́n mọ̀ pé yóò wá síbi ìsìnkú. Wọ́n pa èèyàn kan kí wọ́n lè rí ẹni tó wá kẹ́dùn pa! Ọlọ́pàá tó pọ̀ níbẹ̀ ni kò jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Alága ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ervil kú sẹ́wọ̀n Utah ní 1981, àmọ́ ó ti kọ ìwé sílẹ̀ níbẹ̀, orúkọ àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 1988, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán, wọ́n pa ọkùnrin mẹ́ta tó ti kúrò nínú ìjọ Ervil, ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Texas. Ọ̀kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, dání. Wọ́n pa òun náà.

Ibí yìí ni ìyá kan ní ìlà kejì ti dìde. “Ọ̀gá, ẹ ń ka ìyàwó 13 bí ẹni ń ka ebè. Ta ló bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ẹ?”

Mo dúró. Òótọ́ ni pé Ervil ń fẹ́ àwọn ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, ó sì ń pín irú wọn fún ọkùnrin tó bá gbọ́ràn. Ọ̀kan nínú obìnrin méjì tó lọ bá Allred, ìyàwó Ervil ni. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló padà jẹ́wọ́. Ní 1988, àwọn ọmọ Ervil ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ náà, ọmọ rẹ̀ sì lé ní àádọ́ta. Tí kò bá sí ìyàwó wọ̀nyẹn, ta ni ìbá rán? Mo ní, “Ìyá, ẹ jàre mi.”

Wọn ò jókòó. “Àwọn ìyàwó bàbá bàbá yín ńkọ́? Ta ló bi àwọn náà?”

Mo ní mi ò mọ̀. Alága ní àkókò ti tó.