Kí ẹ tó tẹ ìka sí ìwé iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀

Ohun tí mo bá àwọn ará àdúgbò sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, nìyí.

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n jábọ́ lórí àkàbà, nǹkan dún pàà lẹ́yìn gìgísẹ̀ wọn. Àwọn tó kọ́kọ́ tọ́jú wọn ní ẹsẹ̀ ló rọ́, wọ́n fún wọn ní oògùn ìrora. Ó di oṣù kẹta kí dókítà mìíràn tó rí i pé iṣan gìgísẹ̀ ló já, nígbà tí títún un ṣe ti le ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, mo ní kó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Mo fi ọwọ́ fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀, gbogbo yín rí i bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe mira. Bí iṣan gìgísẹ̀ bá já pátápátá, ẹ lè fún un títí, ẹsẹ̀ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kò sẹ́ni tó ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi.

Egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan, láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka. Ti àárín ẹsẹ̀ lè yẹ̀ díẹ̀ kí ẹ́síréè tí wọ́n yà lórí ìdùbúlẹ̀ má fi hàn, àfi tí aláìsàn bá fi ẹsẹ̀ náà dúró. Irú èyí máa ń dé kóòtù. Bẹ́ẹ̀ náà ni POP, ìyẹn símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, tó bá fún jù, àti ẹsẹ̀ tó kú tipiri lẹ́yìn abẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: iṣẹ́ abẹ tí kò yọrí sí rere kò túmọ̀ sí pé dókítà jáfara. Egungun lè kọ̀ kó má so bí wọ́n tilẹ̀ ṣe é bó ṣe yẹ. Kí ẹ tó lè jàre ní kóòtù, ẹ ó fi hàn pé ìtọ́jú yín wà lọ́wọ́ dókítà náà, pé ohun tó ṣe kò tó ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọṣẹ́ gbà, àti pé àbùkù yẹn gan-an ló ba ẹsẹ̀ yín jẹ́. Ìlànà àwọn ẹlẹgbẹ́ yìí ti wà láti ẹjọ́ tí aláìsàn kan, Bolam, pe àwọn tó ń bójú tó ilé ìwòsàn kan ní London, 1957. Nínú ohun mẹ́ta tí ẹ ó fi hàn yẹn, èyí tó gbẹ̀yìn ló máa ń pa ẹjọ́ jù, nítorí ẹ ó nílò dókítà mìíràn tó máa jẹ́rìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ń dùn mí sí ni ti ìwé tí aláìsàn fi ń gbà kí wọ́n ṣe abẹ fún un. Wọ́n á gbé e wá lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú abẹ: "Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ níbí." Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014, abala 23, ní kí wọ́n sọ ewu, àǹfààní, iye owó àti ọ̀nà mìíràn fún aláìsàn, ní èdè tó gbọ́ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ní Ifẹ̀ níbí, ta ni yóò sọ pé Yorùbá kò ṣeé ṣe?

Bí nǹkan bá ti wọ́, ẹ tètè kọ̀wé béèrè ẹ̀dà fáìlì yín. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ bá fẹ́ pè lẹ́jọ́, oṣù 3 péré ni òfin tó ń dáàbò bò wọ́n fún yín. Àjọ MDCN, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, lè bá dókítà wí, ó lè gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pàṣẹ kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún yín, kóòtù ló ń ṣe ìyẹn.

Màmá kan dìde lẹ́yìn: "Lọ́yà, tí a bá ń béèrè, dókítà ò ní bínú?" Mo ní, "Màmá, ẹ fi ẹ̀rọ̀ bi í: 'Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló lè ṣe ẹsẹ̀ yìí tí ẹ bá là á, kí ló sì lè ṣe é tí ẹ ò bá là á?'" Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó jókòó.