Ọ̀rọ̀ Wà Nínú, Ọ̀nà Rẹ̀ Ló Dí: Ìtọ́jú Àwárí Ọ̀rọ̀ Lẹ́yìn Àrùn Rọpárọsẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin ará Ogbómọ̀ṣọ́ tí ẹ pa ọjà àti oko tì láti wá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá tàbí bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù nílé. Ohun tí ẹ máa ń bi mí jù lọ ni pé, "Ṣé orí wọn ṣì pé?" Orí wọn pé. Afásíà, ìyẹn ìṣòro èdè tí ìpalára ọpọlọ máa ń fà, kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, kì í sì í ṣe etí dídi, nítorí náà kò sí ìdí tí a ó fi máa pariwo mọ́ àgbàlagbà tàbí kí a máa bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́.

Ní ọdún 1861, Paul Broca, dókítà ará Faransé, ṣàlàyé nípa ọkùnrin kan ní Paris tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé "tan" nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, wọ́n rí i pé apá òsì ọpọlọ rẹ̀, níhà iwájú, ló bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé apá òsì ni èdè fìdí sí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nínú ẹni mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù, ó tó ẹnì kan tí ó máa ń ní afásíà, bó sì ti wù kí afásíà náà rí, àìrí ọ̀rọ̀ mú kì í gbẹ́yìn nínú rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ fi máa ń sọnù. Nígbà mìíràn ìtumọ̀ ni kò múlẹ̀ dáadáa, tí aláìsàn á fi pe ọbẹ ní ṣíbí. Nígbà mìíràn ìtumọ̀ mọ́ kedere, ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, ìró ọ̀rọ̀ náà ni kò wá. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìtumọ̀: kí la fi ń ṣe? Igi ni àbí irin? Níbo ló máa ń wà? Kí ló bá a rìn? Bí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ti ń wọlé, ọ̀rọ̀ náà á máa sún mọ́ ẹnu. Bí kò bá tíì jáde, a ó fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ ìró rẹ̀.

Níbi ìró yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Púpọ̀ nínú ìlànà tí à ń lò ni wọ́n kọ fún Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ nínú orúkọ nǹkan rẹ̀. Ti Yorùbá yàtọ̀. Fáwẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú orúkọ tiwa, fáwẹ̀lì mẹ́fà péré sì ni, nítorí pé "u" kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ kì í sì í gba ohùn òkè. Bí ẹ bá wá sọ "o" fún ẹni tó ń wá "orógùn", omi, oko, orí, owó àti oṣù ló ṣílẹ̀kùn fún.

Ìyá kan tó ti ń ro àmàlà tà fún ọ̀pọ̀ ọdún jókòó níwájú mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Mo gbé orógùn lé tábìlì. Ìyá náà gbé e, ó fi í ro afẹ́fẹ́ bí ẹni tí ìkòkò wà níwájú rẹ̀, ó ní, "Èyí… èyí tí a fi ń…" Ọmọ rẹ̀ kò lè mú un mọ́ra, ó ní, "Màmá, oro…" pẹ̀lú ohùn àárín méjèèjì. Kíá ni ìyá dáhùn pé "orogún!" Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe òun, ó sì yí ojú sí ògiri. Mo dúró títí tí ó fi wò mí padà. Mo fi imú kùn ún, re-mí-dò, bí gángan ṣe lè pè é, lẹ́yìn náà mo ní, "Màmá, oró…" Ó ní, "Orógùn." Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohùn wà lára ọ̀rọ̀ wa bí iyọ̀ ṣe wà nínú ọbẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò nínú ìrànwọ́ tó ń ṣe, ọ̀nà mìíràn ló ń tọ́ka sí fún aláìsàn.

Mo ti rí ẹni tí kò lè dárúkọ ìyàwó rẹ̀, tó sì gba Àdúrà Olúwa dópin. Ẹ má ṣe rò pé ó ń díbọ́n. Ohun tó ti mọ́ ènìyàn lẹ́nu ń gba ọ̀nà tirẹ̀ jáde, a sì lè fi ṣe ìlẹ̀kùn: "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ…" Ó lè parí rẹ̀ pé "kèrègbè". Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì tán níbẹ̀; ẹ fi kèrègbè gan-an hàn án, kí ó dárúkọ rẹ̀ láìsí òwe, lẹ́yìn náà kí ó fi orúkọ náà béèrè fún un.

Ṣé ìtọ́jú yìí ń ṣiṣẹ́? Ní ọdún 2016, àyẹ̀wò kan tó kó ìwádìí 57 jọ, tó kan ènìyàn 3,002, fi hàn pé ìtọ́jú èdè àti ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ju àìṣe ìtọ́jú rárá lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín: ọ̀rọ̀ tí a bá fi dánra wò ló sábà máa ń padà, èyí tí a kò fọwọ́ kàn kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi àwòrán kìnnìún àti yìnyín da ìyá yín láàmú. Orúkọ ọmọ, omi, oògùn, tẹ̀súbáà, fóònù, ohun tó ń tà lọ́jà, àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ mú. Ẹ ṣe é níwọ̀nba, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ béèrè, ẹ tún béèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn méjì, lẹ́yìn mẹ́rin. Bí ẹ bá sì béèrè, ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú yín kí ẹ tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn oṣù àkọ́kọ́ ni ara máa ń yá jù, ṣùgbọ́n mo ti tọ́jú ẹni tí ó tẹ̀síwájú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Kí a tó pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan kọ ogún ọ̀rọ̀ tí ẹni wọn nílò jù lọ sínú ìwé, kí ẹ bi òun fúnra rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀.